Obìnrin tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara: ẹ mú ìmọ̀ràn wá

Ọmọ_Òmù_Àrán
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àbúrò mi obìnrin ti parí girama, iṣẹ́ káfíńtà ló lóun fẹ́ kọ́. Àwọn ará ilé ní kó lọ kọ́ télọ̀, pé iṣẹ́ pákó ti le jù fún obìnrin. Irú ọ̀gá wo ló yẹ kó wá? Kí ló yẹ kó ṣọ́ra fún? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìṣírí lásán la ń wá, ẹ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an.

Káfíńtà_Gánmọ
Ẹ má wulẹ̀ fà á lé ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ ilé jù lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé irú káfíńtà wo ló fẹ́ jẹ́, torí iṣẹ́ yìí pín sí oríṣiríṣi. Ẹni tó ń kan òrùlé kì í sábà mọ kábínẹ́ẹ̀tì í ṣe, ẹni tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì kì í sábà gun ilé. Àwọn tó ń kan pákó fún dẹ́kì àti òpó kọnkéré tún yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló fẹ́ dá sílẹ̀ lọ́la, kó dojú kọ kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, wọ́dúróòbù àti ilẹ̀kùn. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ti ń ṣe é, òjò kì í dá a dúró, kò sì sí ilé tí wọ́n kọ́ tán tí kò nílò rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè pé ta ló ń wọn igi. Bó bá jẹ́ ọ̀gá nìkan ló ń wọ̀n, tó ń fa ìlà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kàn ń rẹ́ ibi tó fàlà sí, ọdún mẹ́ta á pé, wọn ò ní lè dá kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣe. Ọ̀gá tó dáa máa ń gbé téèpù fún ọmọ iṣẹ́ láti oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀: ọdún mélòó ni, aago mélòó ni wọ́n ń wọlé, aago mélòó ni wọ́n ń jáde, irinṣẹ́ wo ni ọmọ máa rà, irinṣẹ́ wo ni ti ọ̀gá. Fún ọmọbìnrin, ẹ fi kún un pé kò ní sùn ní ṣọ́ọ̀bù, àti pé bí iṣẹ́ bá gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn, ẹ máa mọ ibi tó sùn àti ẹni tí wọ́n jọ lọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá sọ ọ́ níṣojú yín. Ọ̀gá tó bá bínú sí gbólóhùn yẹn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́jọ́ ìgbòmìnira sílẹ̀ láti ìsinsìnyí pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀ jù: ọmọ ti mọṣẹ́ tán, wọ́n wá ka àgbò, aṣọ àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn òbí tí ò retí rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ dán an wò. Ó yẹ kó lè ka téèpù dé ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì, kó sì lè ya àwòrán àpótí kan, kó kọ ìwọ̀n gbogbo pákó tó máa lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ gbígbá ilẹ̀ àti ríra oúnjẹ ló ṣì ń ṣe, ẹ pe ọ̀gá jókòó.

Àǹtí_Ráńdà
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Káfíńtà_Gánmọ. Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ agbára, torí òun ni wọ́n fi ń lé àwọn ọmọbìnrin sẹ́yìn. Odindi pákó HDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀) tó nípọn 18 mm, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, wúwo tó 40 kg. Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ 50 kg. Ìlànà ìlera ibi iṣẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé ẹrù tí obìnrin ń gbé ní ìbàdí, tó sún mọ́ ara, kó má ju 16 kg lọ, ti ọkùnrin kó má ju 25 kg. Àtọkùnrin àtobìnrin, kò sẹ́ni tó yẹ kó dá odindi HDF gbé. Ọkùnrin tó ti ń dá a rù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ bi ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè.

Kí ẹni tó ń ta pákó fi máṣíìnì rẹ̀ là á sí méjì kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìwọ̀n ti gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé kí ẹ tó lọ rà á. Bó bá pọn dandan kó délé lódindi, kí ẹni méjì gbé e ní òró, ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí wọ́n fi okùn gba igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n di àárín okùn mú. Ẹ má gbé e lé orí.

Tábìlì iṣẹ́ ni ohun kejì tí wọn kì í rò. Ọ̀pọ̀ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ga ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Tí obìnrin bá dúró tì í, tó na apá sílẹ̀ gbọnrangandan, ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀. Bí tábìlì bá ga ju ìyẹn, èjìká ló máa fi ti ráńdà (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fá pákó) dípò kó fi gbogbo ara tì í, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n á sì ní kò lágbára. Ẹ kan pákó ìtẹ̀lẹ̀ síbẹ̀ kó gorí rẹ̀. Kò ná ju ìdajì wákàtí lọ.

Ráńdà tí ẹnu rẹ̀ kú ló ń jẹ agbára. Ẹ lọ ẹnu rẹ̀ ní ìwọ̀n ìtẹ̀ (dígírì) 25, kí ẹ wá fi òkúta olóróró yọ ẹnu kékeré sí i ní 30. Ó mú tó nígbà tó bá lè fá irun apá. Bí pákó bá ń ya bàràbàrà dípò kó máa jáde bíi tẹ́ẹ́rẹ́ ìwé, ẹ yí pákó náà padà, ẹ ń fá lòdì sí bí iṣan igi ṣe sùn ni.

Alfa_Máṣíìnì
Ẹ̀yin obìnrin tó ń wọ híjáàbù, kò sí ohun tó ní kí ẹ bọ́ ọ. Èyí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ni kò gbọdọ̀ dé ibi máṣíìnì. Ayùn oníná ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, bí ó bá gbá etí aṣọ mú, orí ti tẹ̀ lé e kí ọwọ́ tó dé ibi ìpaná. Ẹ wọ èyí tó kúrú tó sì fún mọ́ra, ẹ ki ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú aṣọ iṣẹ́. Ẹ má fi píìnì dè é. Aṣọ tó dé orúnkún pẹ̀lú ṣòkòtò lábẹ́ rẹ̀ dáa, ọwọ́ aṣọ kó ní rọ́bà lẹ́nu. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ilé ni kí wọ́n wà. Ìbọ̀wọ́ kò sì ṣe é wọ̀ nídìí ohunkóhun tó ń yí. Ìgbà téèyàn bá ń gbé pákó tàbí tó ń po sìmẹ́ńtì ni ìbọ̀wọ́ wúlò.

Nídìí ayùn orí tábìlì, ẹ jẹ́ kí eyín ayùn yọ lórí igi ní ìdá mẹ́rin íǹṣì péré. Pákó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó íǹṣì 6, igi ìtìpákó ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ìka. Ẹ má dúró gan-an sẹ́yìn ayùn, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lẹ́yìn ayùn, tí àwọn kan máa ń tú sọnù torí wọ́n ní ó ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Igi tútù tàbí èyí tó lọ́ máa ń pa ẹnu dé mọ́ ayùn lẹ́yìn tó bá gé e tán, ayùn á wá gbé e, á sì sọ ọ́ padà sí ikùn ẹni tó ń tì í. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kó pa ẹnu dé.

Ìyẹ̀fun pákó kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO (àjọ ìlera àgbáyé) ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn láti 1995, ihò imú ló sì ń bá jà jù. Ìbomú N95 ni kí ó rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ ọsibítù.

Onípákó_Sawmill
Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ igi rà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ́ obìnrin jẹ, wọ́n rò pé kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú téèpù lọ. Pákó tí wọ́n pè ní íǹṣì 2 sí 4, nígbà mìíràn 1¾ sí 3¾ ló máa jẹ́, gígùn tí wọ́n pè ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sì lè dín íǹṣì méjì. Ẹ gbé orí kan sókè bí ẹni tó ń yìnbọn, ẹ fi ojú kan wo etí rẹ̀ láti òpin dé òpin: bó bá tẹ̀ bí ọrun tàbí tó lọ́, ẹ fi sílẹ̀. Apá funfun tó wà létí igi, òun ni ikán kọ́kọ́ ń jẹ. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má lò ó fún férémù tó kan ilẹ̀. Apá àti ìrókò ń dènà ikán dáadáa, wọ́n sì wọ́n. Tíìkì dára fún ilẹ̀kùn ìta. Mẹ̀lánà pọ̀, owó rẹ̀ kò ga, ẹ rí i pé ó gbẹ kí ẹ tó kàn án.

Gbígbẹ yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ẹnu ayùn, omi inú rẹ̀ lè ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Igi tó yẹ fún àga àti ilẹ̀kùn, nǹkan bí ìdá 12 ni. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ íǹṣì kan sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo wọn jẹ́ íǹṣì 18 sí 24, kí wọ́n sì dúró lórí ara wọn ní òró gẹ́lẹ́. Bí wọn ò bá bára wọn dọ́gba, pákó á tẹ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín pákó kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n ọlọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí kò bá dín mọ́ ló gbẹ.

Ẹ wá wo ilẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ nígbà òjò, tó fún dáadáa, tí ọyẹ́ bá dé ó máa sún kì, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ létí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún pinpin nígbà ọyẹ́, tí òjò bá dé, ó máa wú, kò ní pa dé. Nígbà ọyẹ́ ẹ fi 3 mm sílẹ̀ létí kọ̀ọ̀kan, nígbà òjò ẹ fi 2 mm. Hínjì mẹ́ta oníǹṣì 4 ni, ti òkè ní íǹṣì 6 láti orí, ti ìsàlẹ̀ ní íǹṣì 9 láti ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ìkẹta láàárín. Kí ẹ tó dé ìdè (síkúrù), ẹ lu ihò kékeré síwájú. Igi líle láìlu ihò, orí ìdè á já sínú rẹ̀.

Bírìkìlà_Ọ̀fà
Kì í ṣe káfíńtà nìkan ni obìnrin lè ṣe. Táìlì títẹ́ dára púpọ̀ fún ẹni tó ní sùúrù àti ojú tó mú. Ẹrù rẹ̀ wúwo, àmọ́ páálí kan ni èèyàn ń gbé lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ ọwọ́ sì wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12. Ó jẹ́ nǹkan bí mítà 13.4 níbùú lóròó. Ẹ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún gígé àti fífọ́, ó di 14.7. Táìlì 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹyọ kan jẹ́ 0.36. Bí páálí bá gba ẹyọ mẹ́rin, ìyẹn 1.44, páálí 11 ni ẹ máa rà. Ẹ ka ara páálí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló gba mẹ́rin, ẹ sì rí i pé nọ́ńbà àwọ̀ ara gbogbo páálí bára mu. Àwọ̀ méjì nínú yàrá kan hàn gan-an nígbà tí oòrùn bá wọlé.

Kí ó tó lẹ ẹyọ kan, kó wá igun tó dọ́gba. Wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára ògiri kan, 4 lára ìkejì. Bí àárín àmì méjèèjì bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, igun náà tọ́. Fún ilé tó tóbi, 6, 8 àti 10. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò tọ́ nígun, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ògiri láìwọ̀n, táìlì gígé tó fẹ̀ lójú kan, tó tín-ín-rín lójú kejì, ló máa kù sí ẹnu ọ̀nà. Nínú bálùwẹ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dà síbi ihò omi, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan. Tó bá tẹ́ ẹ tán, kó kan orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ibi tó bá dún kó-kó bí ohun òfìfo, sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀, kó ṣí i kó tó gbẹ.

Tó bá fẹ́ ṣe búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré, kó mọ̀ pé sìmẹ́ńtì ń jó ara. Kì í dùn lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fojú kéré rẹ̀. Bàtà rọ́bà gígùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bí omi sìmẹ́ńtì bá sì wọnú bàtà, kó bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kó fi omi púpọ̀ fọ ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró di ìrọ̀lẹ́.

Oníná_Òró
Ẹ̀yin ọ̀gá gbàgbé iná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í lo jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé ayùn oníná 1,500 W. Ayùn nílò iná tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, 3.5 kVA ni kó fojú sí. Wáyà ìfàlọ tín-ín-rín tó gùn máa ń jẹ́ kí iná kú lọ́nà, mọ́tò á gbóná, á jó, wọ́n á ní máṣíìnì ayédèrú ni. Wáyà 2.5 mm ni kí ó lò, kó sì tú gbogbo rẹ̀ kúrò lára agbá kó tó lò ó, torí èyí tó wé mọ́ra máa ń gbóná. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, èéfín rẹ̀ ń pani.

Ìyá_Kábínẹ́ẹ̀tì
Ohun tó ń ba obìnrin nínú jẹ́ nínú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ìgbòmìnira kì í ṣe kíkàn, owó ni. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ìwé gígé pákó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Pákó fẹ̀ ní íǹṣì 48. Oníbàárà fẹ́ pẹpẹ mẹ́rin tó fẹ̀ ní íǹṣì 12. Lórí ìwé, 48 pín sí mẹ́rin, ó jẹ́ 12, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹnu ayùn ń jẹ ìdá mẹ́jọ íǹṣì nígbàkígbà tó bá kọjá. Ìgbà mẹ́ta ló máa kọjá, ó ti jẹ ìdá mẹ́jọ mẹ́ta. Pẹpẹ kẹrin á jáde ní 11 àti ìdá mẹ́jọ márùn-ún, kò ní bá àwọn yòókù mu. Ẹ sọ fún oníbàárà pé 11¾ ni gbogbo wọn máa jẹ́, kò ní ṣàkíyèsí. Bí ẹ bá ti ṣèlérí 12, ẹ ti ra pákó kejì nìyẹn, láti inú èrè yín.

Kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ilé ìdáná: gíga íǹṣì 36 pẹ̀lú orí rẹ̀, jíjìn 24, àyè ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ gíga 4 àti jíjìn 3. Ẹ wọn ìyá ilé tó máa lò ó. Bó bá kúrú, ẹ sọ ọ́ di 34.

Tẹ́ ẹ bá ń dá iye, ẹ pín in sí mẹ́ta lórí ìwé: ọjà, owó iṣẹ́, ọkọ̀ àti iná. Owó ọjà gbọ́dọ̀ wọlé ní kíkún kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìdajì owó iṣẹ́ nígbà tí kábínẹ́ẹ̀tì bá ti dúró láìkùn, ìyókù lọ́jọ́ tí wọ́n bá kàn án mọ́ ògiri. Ẹ má gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lórí “màá ránṣẹ́ lálẹ́.” Oníbàárà tó bá ń bá obìnrin du owó ju bó ṣe ń bá ọkùnrin dù ú, ẹ gbé ìwé ìṣirò náà síwájú rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ẹ máa yọ kúrò. Kì í sábà rí nǹkan yọ.

Olùkọ́_Àjàṣẹ́
Nípa ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣe trade test, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ti Ministry of Labour, Grade 3 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè dé Grade 1. Ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ máa ń ṣe ìdánwò NABTEB, ti àjọ tó ń ṣètò ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìwé ẹ̀rí National Skills Qualification tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń ṣàkóso tún wà, àǹfààní rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń wo ohun tí èèyàn ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti kọ́ ọ nìkan. Ilé iṣẹ́ ńlá àti ìjọba máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó fún èèyàn ní kọntírátì, kí àbúrò yín má fojú kéré rẹ̀. Ní àgbègbè wa, ilé ẹ̀kọ́ IVTEC wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo fún iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lọ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń gba ọmọ sí lọ́dún yìí.

Ìyàwó_Ṣàárẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá lóyún ńkọ́?

Àǹtí_Ráńdà
Kó yàgò fún tínà, pẹ́ńtì olóróró àti kíkun fánìṣì, pàápàá nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Kó má gun àkàbà, kó sì fi gbígbé ẹrù sílẹ̀. Ìwọ̀n, yíya àwòrán, ìwé gígé, ìdúnàádúrà àti tító nǹkan pọ̀ lórí tábìlì, ó lè ṣe wọ́n. Tó bá bímọ, kí ọmọ má sùn nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyẹ̀fun pákó ń fò. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn, kó béèrè fún un.

Ọmọ_Òmù_Àrán
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín. Irinṣẹ́ wo ni ká rà fún un kó tó bẹ̀rẹ̀?

Káfíńtà_Gánmọ
Ẹ má ra nǹkan oníná rárá báyìí. Téèpù mítà 5, tí ìka irin orí rẹ̀ ń mì díẹ̀. Mímì yẹn kì í ṣe àléébù, òun ló ń dí sísanra irin náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọn inú àti ìta. Òòlù alẹ́nu méjì tí kò wúwo jù. Ayùn ọwọ́ íǹṣì 20, torí ti 26 máa ń gùn jù fún apá rẹ̀. Ráńdà nọ́ńbà 4. Ṣísẹ́lì mẹ́ta: ìdajì íǹṣì, ìdá mẹ́rin mẹ́ta, àti íǹṣì kan. Pẹ́ńsù tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ṣísẹ́lì. Gíláàsì ojú.

Sikuwéà ló kù, ẹ má sì rà á láìdán an wò ní ìsọ̀. Ẹ gbé e ti etí pákó tó tọ́, ẹ fa ìlà. Ẹ wá dojú rẹ̀ dé, ẹ gbé e ti etí kan náà, ẹ fa ìlà kejì láti ibi kan náà. Bí ìlà méjèèjì bá sùn lórí ara wọn, ó tọ́. Bí wọ́n bá yà lókè, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.